Ilé Tí A Kò Rẹ́

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ọdún yìí. Àwa mẹ́rin la dúró níwájú ilé: èmi, ìyá ìyàwó mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé sí Kánádà, ọmọbìnrin mi tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn láti pápákọ̀ òfurufú, àti bàbá òyìnbó kan tí ilé wọn lẹ̀ mọ́ tiwa lápá òsì. Bàbá náà wọ kóòtù nítorí àlejò. Oòrùn sì mú gan-an.

Màmá kò tíì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilé ni wọ́n ń wò. Wọ́n wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n wo èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n wo èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, títí wọ́n fi wo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó so kọ́ra náà tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi.

"Àna mi," wọ́n ní, "ìgbà wo lẹ máa parí ẹ̀?"

Ọmọ mi fi òyìnbó sọ fún mi pé ó ti rẹ màmá àgbà, pé kí n jẹ́ kí wọ́n jókòó ná. Ẹrù màmá ṣì wà nínú búùtù. Èmi àti ọmọ mi la ti jọ sọ̀rọ̀ ibi tí màmá máa sùn kí wọ́n tó dé. Yàrá tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí màmá máa sùn ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá lò lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní kọ́ńdò, fúláàtì nínú ilé gíga kan, ní Port Credit, tó dojú kọ omi, tí ògiri rẹ̀ funfun báláú, tí ẹ̀rọ ń gbé ènìyàn ròkè. A ní kí màmá fúnra wọn yàn. Bí ilé mi kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, Port Credit ni ẹrù náà ń lọ. Mi ò sọ fún ọmọ mi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ká mi lára tó.

Ìbéèrè màmá kò bá mi lójijì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń retí rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún mọ ohun tí màmá rí. Bíríkì lásán láti ilẹ̀ dé òrùlé, kò sí sìmẹ́ǹtì lára rẹ̀, kò sí ọ̀dà. Lọ́hùn-ún, ilé tó bá rí bẹ́ẹ̀, owó ló tán, tàbí onílé ló kú, tàbí àwọn ọmọ bàbá kan náà ló ń bá ara wọn ṣẹjọ́. Ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ títí tó fi rí ọmọ-ọmọ, àwọn ará àdúgbò á ṣì máa bi í pé ìgbà wo ló máa parí ilé.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn. Bàbá mi kan òrùlé, owó tán. Òjò fọ ara ògiri náà títí ó fi lu ihò, àwa ọmọdé ń tọ́jú èkùrọ́ sínú ihò náà. Oko ni mo bá bàbá mi lọ títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó mú mi lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí mo lọ tọrọ ìyàwó mi ní Ìbàdàn, mo ṣì ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè mí ní bùrọ̀dá. Olùkọ́ àgbà ni bàbá ìyàwó mi. Olùkọ́ ni màmá náà. Àwọn méjèèjì jókòó, èmi dọ̀bálẹ̀, wọn ò sì tètè ní kí n dìde.

"Mo gbọ́ pé bàbá rẹ kọ́lé," ni bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé wọ́n ti rẹ́ ẹ?"

"Wọn ò tíì rẹ́ ẹ, sà."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Mo ní, "Ọmọ yín ò ní gbé inú ilé tí a kò rẹ́, sà." Òun ni gbólóhùn tó gùn jù tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn.

Màmá ló rẹ́rìn-ín. "A ti gbọ́ o," wọ́n ní. "Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Bàbá ti kú láti ìgbà pípẹ́. Ẹlẹ́rìí kò kú.

Àjà ilẹ̀ ilé kan ní Malton, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, la kọ́kọ́ gbé nígbà tí a dé ìlú yìí. Ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lórí wa bí ẹni pé yóò bà sórí àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ́ ibẹ̀ dáadáa, wọ́n sì kùn ún, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé kan bọ́ sí wa lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín ìlú. Ilé náà kì í ṣe tiwa, kì í sì í ṣe ti onílé kankan. Ẹgbẹ́ ló ni ín, gbogbo àwa tí a ń gbé inú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ni ẹgbẹ́ náà. A jọ ń san owó, a jọ ń tún un ṣe, a jọ ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gbá yìnyín.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ lọ wò ó, nítorí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wíàháòsì kan tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí ní Vaughan. Ó pè mí.

"Mo ti rí ilé," ó ní.

"Ṣé wọ́n ti rẹ́ ẹ?"

"Wọ́n ti rẹ́ inú ẹ̀," ó ní, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ooru àkọ́kọ́ dé, mo ra àpò sìmẹ́ǹtì kan. Mo gbà pé àìsí owó ni kò jẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ parí rẹ̀, pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé tiwa, ojú á ti àwọn yòókù, wọ́n á rẹ́ tiwọn náà. Mo ti tú yanrìn sílẹ̀ nígbà tí bàbá òyìnbó tí mo sọ yẹn jáde. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo sọ fún wọn. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́ náà. Ẹnì kan ti ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀ rí, kí ẹgbẹ́ tó ra àwọn ilé náà. Bàbá ṣí sìmẹ́ǹtì náà díẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ bíríkì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dà sílẹ̀ bíi gàrí. Wọ́n ní bíríkì àtijọ́ rọ̀, ó ń mu omi, ó sì ń tu omi náà jáde fúnra rẹ̀. Tí ènìyàn bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi á há sínú, òtútù á sọ omi náà di yìnyín, yìnyín á sì fọ́ ojú bíríkì.

"Wọ́n ti parí ilé yìí láti ayé Kuín Fitóríà," ni bàbá wí. "Ká ṣáà má bà á jẹ́ ló kù."

Mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì lọ sí àjà ilẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó èédú sí láyé àtijọ́. Ọ̀rinrin mú un níbẹ̀. Kí òtútù tó dé, ó ti di òkúta odidi, pẹ̀lú gbogbo ibi tí àpò náà ti ká kò.

Bí mo ṣe wá há sáàárín nìyẹn. Mi ò lè rẹ́ ilé, mi ò sì lè lọ bá àwọn àna mi pé ọmọ wọn ń gbé inú bíríkì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ fọ́tò. Tí ìyàwó mi bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ilé ìdáná ló ń jókòó sí, tàbí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́dún Kérésìmesì kan, màmá ní dandan àwọn fẹ́ rí iwájú ilé. Ilé kan wà ní kọ̀rọ̀ òpópó wa, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún ní funfun, ilẹ̀kùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Mo ní ká lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó mi wí, "ẹ jẹ́ ká kúkú kó lọ síbẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ rẹ̀, ó mú ọmọ wa dání, ó bá mi lọ. Níbi tí a ti ń ya ara wa ni ẹni tó ni ilé náà ti ṣílẹ̀kùn. Mo rò pé ó fẹ́ lé wa ni. Ó ní ṣé kí òun bá wa ya àwa mẹ́ta pọ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi, bó sì ṣe rí nínú fọ́tò nìyẹn.

Nígbà tó yá, mo wọ ilé-ìwé àwọn àgbà níbí, kí n lè gba ìwé-ẹ̀rí tí mi ò ráyè gbà nílé. Olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ̀wé nípa òpópó tó ń gbé. Mo lọ sí ilé ìkàwé, mo sì jókòó ti bàbá òyìnbó náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí mo rí nìyí. Nígbà tí Kuín Fitóríà ṣì wà lórí ìtẹ́, ilé-iṣẹ́ pọ̀ lápá ìlà-oòrùn ìlú yìí: ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí, ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti òkèèrè wá, púpọ̀ nínú wọn láti Ireland, níbi tí ebi ti lé wọn jáde. Mọ́tò kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibi iṣẹ́ kí fèrè tó dún kò gbọdọ̀ gbé ibi tó jìnnà. Ni àwọn tó ní ilẹ̀ bá kọ́ ilé tóóró tóóró, wọ́n so wọ́n kọ́ra. Kì í ṣe àánú ló mú wọn kọ́ ọ, owó ilé ni wọ́n fẹ́ gbà. Ògiri kan ń ṣiṣẹ́ fún ilé méjì, ihò èéfín kan ń gba èéfín ilé méjì, ilẹ̀ tí kò tó nǹkan gba ìdílé mẹ́fà. Amọ̀ àfonífojì odò tó wà nísàlẹ̀ wa ni wọ́n wà, tí wọ́n sun di bíríkì. Ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wọn ń pọn. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn. Wọ́n gbin kábéèjì síwájú ilé kí ọbẹ̀ lè pọ̀, àwọn olówó sì fi kábéèjì náà sọ àdúgbò lórúkọ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ yẹn ló ń jẹ́ dòní. Àwọn tó ń ta ilé ló ń fi ṣe fáàrí báyìí.

Nígbà tí àwọn bíríkì náà gbó, ìjọba wó ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ lulẹ̀. Tiwa bọ́ nítorí pé àwọn ayálégbé inú rẹ̀ kóra jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tó rà á. Bàbá òyìnbó náà wà lára wọn.

Ọkùnrin tó ń yí àgbá ọtí ti gbé inú ilé wa rí. Opó kan tó ń fọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn gbé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò ó títí. Èmi ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè ní wíàháòsì, ìyàwó mi ń wẹ àwọn arúgbó tí kò lè wẹ ara wọn. Mo parí ìwé náà báyìí: òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún, òṣìṣẹ́ ló sì ń gbé inú rẹ̀. Olùkọ́ ní kí n dìde kà á fún gbogbo kíláàsì. Ìyàwó mi wá, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lára. Nígbà tí a padà dé ilé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Oòrùn ti wọ̀, ara bíríkì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ má tún mú mi lọ sí ilé funfun yẹn mọ́," ó ní.

A kò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n a kò fi iwájú tiwa han màmá náà. Èmi ni kò gbà.

Ìgbà òtútù kẹrin rèé tí ìyàwó mi ti lọ. Inú ilé ló kú sí, bó ṣe fẹ́. Wọn kò fún màmá ní físà nígbà náà. Orí fóònù ni wọ́n ti sin ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ ọn.

Nítorí náà, nígbà tí màmá bi mí léèrè níwájú ilé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní láti dáhùn. Mo ní, "Wọ́n ti parí ẹ̀, mà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí." Mo sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, láti orí amọ̀ títí dé orí ẹgbẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Màmá gbọ́ ọ bí olùkọ́ ṣe ń gbọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Kí ló dé tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ báyìí? Ṣé ilẹ̀ ò sí ní Kánádà ni?"

"Ilẹ̀ wà, mà. Owó bíríkì ni wọ́n ń ṣọ́."

"Fésì-mi-áì-fésì-yú ni, kí ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó jọ ọ́, mà."

"Ṣé ọmọ mi mọ̀ pé wọn ò rẹ́ ẹ?"

"Ó mọ̀, mà. Òun ló ní kí n yé dà á láàmú."

"Ilé ta wá ni ti inú fọ́tò?"

Mo yíjú sí kọ̀rọ̀ òpópó wa.

"Ilé funfun," ni màmá wí. "Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mo fi férémù sí i. Ó wà ní pálọ̀ mi, lókè tẹlifíṣọ̀n. Kò sí àlejò tí mi ò fi hàn pé ilé ọmọ mi rèé."

Ọmọ mi bojú. Ẹ̀rín ló ń mi èjìká rẹ̀. Bàbá òyìnbó bi í pé kí ni a ń bára wa jà lé lórí, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ilé funfun. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ síwájú màmá, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ mi lè máa túmọ̀ rẹ̀, nítorí bí àwọn ará ibí ṣe ń pe òyìnbó kò tíì yé màmá.

Wọ́n ní ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn àti ọmọ màmá. Wọ́n ní láràárọ̀, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láti lọ síbi iṣẹ́, ó máa ń kọrin. Orin kan náà ni. Àwọn ò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó tiwọn kú, orin yẹn ni àwọn fi ń mọ̀ pé ó yẹ káwọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Màmá ní, "Orin wo?"

Bàbá kùn ún. Ohùn wọn kò dára, ó sì ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n orin náà ni. Orin ìyìn tí màmá fi ń jí àwọn ọmọ wọn ní Ìbàdàn ni. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà lẹ́nu ìyàwó mi, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Mi ò mọ̀ pé ó wà lódì kejì ògiri ní gbogbo àkókò yẹn.

Màmá gbé ìka sókè. "Rárá," wọ́n ní. "Ohùn orin ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ni. Kì í gòkè."

Ọmọ mi kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tán tí bàbá ti tún un kùn. Ohùn náà sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Màmá kọ ọ́ mọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, títí ó fi parí. Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá dúró dè wá.

Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, màmá fi gèlè nu ojú. Wọ́n lọ síbi ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ìyàwó mi gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí, tí mo ṣì ń gbìn ín, lórí ilẹ̀ kábéèjì. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bíríkì. Wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ilé bàbá yín, owó ló tán," wọ́n ní. "Ohun tí ọkọ mi ń bá yín sọ nìyẹn. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n tún wo ọ̀wọ́ ilé náà. "Ẹlẹ́rìí ti wò ó. Wọ́n ti parí ẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ẹ má tíì dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ṣì wà nílẹ̀." Wọ́n yíjú sí ọmọ mi. "Ìyá mi, gbé ẹrù mi wọlé."

Ó bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú, pé àtẹ̀gùn náà ga. Màmá ní àwọn kò bi í ní ti àtẹ̀gùn. Èmi àti ọmọ mi jọ gbé ẹrù náà gòkè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀. Mo yí àpò sìmẹ́ǹtì tó ti di òkúta náà sórí ọmọlanke kékeré tí mo fi ń gbé ẹrù, mo sì fà á gòkè ní àtẹ̀gùn kan tẹ̀ lé èkejì. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, lẹ́bàá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mo tẹ́ aṣọ lé e. Màmá jókòó lé e pẹ̀lú ife tíì wọn. Wọ́n bi mí pé irú àga wo rèé. Mo ní òun ni mo ti fẹ́ fi rẹ́ ilé nígbà kan. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ara wọn, wọ́n wò mí, wọ́n sì mu tíì wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú fóònù wá, kí n ya àwọn, pé férémù kan máa ṣófo ní pálọ̀ àwọn. Mo mú un. Wọ́n ní mo sún mọ́ àwọn jù, bíríkì ò hàn. Mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi dé òdì kejì títì, kí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè wọ inú fọ́tò náà.